Bàbá Rẹ Ti Wọ Inú Géèmù

Wúrà mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, èyí tí lẹ́tà yìí bá bá ọ nínú méjèèjì ni kí o mú. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o ń jẹun gidi àbí o kàn ń fi tíì tan ikùn jẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi tí kò nílẹ̀kùn ni yóò máa ṣọ́ ọ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o ń gbé yẹn, àtẹ̀gùn ò ní gbé ọ ṣubú, àlejò burúkú ò ní mọ nọ́ńbà yàrá rẹ. Àwa náà wà níbí, a ò rùn, a ò sanra. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti ra ẹ̀rọ tuntun, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé tí mo bá ń gbàdúrà, mo ní láti pariwo kí Ọlọ́run má baà rò pé ẹ̀rọ náà ló ń tọrọ. Ǹ bá fi fóònù pè ọ́, àmọ́ fóònù ti kúrò lábẹ́ àkóso mi, ìyẹn náà wà lára ohun tí mo fẹ́ sọ. Jókòó dáadáa. Bí nǹkan bá wà lórí iná, lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ṣé o rántí ìgbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé tí o bá ti dé láti ibi iṣẹ́, sípíráìtì lò ń ṣe? Kíá ni mo lọ sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì pé ọmọ mi ti dá iléeṣẹ́ mínírà sílẹ̀, òun náà sì ní kí n bá òun gba páálí kan, kó tutù. Àfi ìgbà tí o ṣàlàyé pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu, pé àwọn èèyàn kéékèèké tó ń rìn nínú géèmù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé àmì onígun mẹ́rin bíńtín-bíńtín lo ń tò lórí kọ̀ǹpútà títí wọ́n á fi di orí, tí wọ́n á fi di apá, tí wọ́n á fi di ẹsẹ̀. Mo ní ṣé iṣẹ́ táìlì ni nígbà náà, o ní ó jọ ọ́, àfi pé táìlì tìẹ máa ń dìde rìn. Orí mi wú! O ní géèmù àtijọ́ kan ni, tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti fẹ́ràn láti kékeré, àwọn tó ni ín ò ṣe é mọ́, ni ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ bá kóra jọ, ẹ ń ṣe ìrìn àjò tuntun sí i, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mo bi ọ́ pé kí ló wá ń mú yín ṣe é, o ní ìfẹ́ ni. Mi ò bá ọ jiyàn. Ìfẹ́ ni èmi náà fi fẹ́ káfíńtà, mo mọ bí ebi rẹ̀ ṣe ń pani.

Tóò, káfíńtà ọ̀hún lọ̀rọ̀ kàn. O mọ̀ pé látìgbà tí bàbá rẹ ti já bọ́ lórí òrùlé oníṣègùn eyín, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì fi wíwọ́ jinná, kò yọjú síta mọ́. Ó ní òun ò ní máa tiro kọjá níwájú àwọn tí òun ti ń gun àkàbà lójú wọn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó wá sọ èmi di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo bu iyọ̀, ó ní ó ti pọ̀ jù. Mo gbálẹ̀, ó ní mo fo igun kan. Ó wo tábìlì tí mo fi ń dáná, ó ní ó dagun, ó gé ẹsẹ̀ kan, ìyẹn bá kúrú, ó gé ìkejì kó lè dọ́gba, ìkẹta ò gbà, kí n tó wí kí n tó fọ̀, ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń gé àlùbọ́sà. Mi ò bínú sí i. Ọkùnrin tó ń bá tábìlì jà, nǹkan mìíràn ló ń dùn ún.

Ìgbà náà lo wá fi ohùn ránṣẹ́ pé kí n ya fídíò ibi tó ti ń rìn, kó lọ sọ́tùn-ún, kó bọ̀ sósì, kó kọjú sí mi, kó kẹ̀yìn sí mi, pé o fẹ́ fi ṣe káfíńtà àgbà kan nínú géèmù. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́ ni. Mo bi ọ́ bóyá ibẹ̀ jìnnà, ta ni yóò máa gbọ́únjẹ fún un, ṣé wọn ò ní fún un níyàwó mìíràn tó bá débẹ̀. O rẹ́rìn-ín títí o fi húkọ́. O ní kò síyàwó kankan níbẹ̀, pé etí odò ló máa dúró sí. Mo ní kò burú, àmọ́ kí wọ́n fún un ní ẹ̀wù tó nípọn, ìbàdí yẹn ò fẹ́ òtútù.

Nígbà tí bàbá rẹ gbọ́, ó fárígá. Ó ní ọmọ tí òun rán nílé ìwé ò wá rí nǹkan mìíràn fi òun ṣe ju kó máa gbé ẹsẹ̀ òun hàn káàkiri ayé. Ó ní kí o lọ ya ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọjú sógiri bí ẹni ń ka ìwé lára rẹ̀. Àfi bí ohùn rẹ kejì ṣe wọlé, èmi tí mo fẹ́ pa á mọ́lẹ̀ bá lọ tẹ ibi tó ń mú un pariwo, ni ohùn rẹ bá gba gbogbo pálọ̀. O ní akọni tó ń rìnrìn àjò nínú géèmù yẹn máa dé etí odò kan, idà ò ní wúlò, agbára ò ní wúlò, àfi kó lọ bẹ káfíńtà àgbà kó bá òun kan afárá. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ya káfíńtà yẹn léraléra, gbogbo rẹ̀ ń rìn bíi sójà, kò séyìí tó jọ ẹni tó ṣiṣẹ́ rí. O ní ìwọ lo sọ fún wọn pé káfíńtà tó ti lo ayé rẹ̀ lórí òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ròyìn. O ní bí bàbá rẹ ò bá rìn, kò sẹ́ni tó máa kọjá odò.

Bàbá rẹ yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó wá bi mí pé irú igi wo ni wọ́n fẹ́ fi kan afárá ọ̀hún. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí wọ́n má dán an wò kí wọ́n lo igi tútù o, á ká. Ló bá dìde, ó ní ṣòkòtò òun tó dáa dà.

Wúrà mi, o ò bá wà níbẹ̀! Fóònù ò gba bàbá rẹ nínú pálọ̀, bí orí rẹ̀ bá wọlé ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà níta, la bá di ojú títì. O ti ní kó gbẹ́sẹ̀ kan kó dúró, kó gbé ìkejì kó dúró. Ó gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó dúró gbagidi bí ère. Olóògùn òdìkejì ló kọ́kọ́ rí i, ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sáré jáde, ó ń ké pé rọpá-rọsẹ̀ ti dé, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn kí bàbá rí afẹ́fẹ́. Bàbá rẹ dá a lóhùn lórí ẹsẹ̀ kan pé kó kúrò lójú ọ̀nà, òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Aránṣọ pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé àga tirẹ̀ dání. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ wa ló fẹ́ to bàbá rẹ̀ bíi táìlì. Ìyá oníbúrẹ́dì bi mí bóyá kò ní dun bàbá. Mo ní rárá, wọn kì í fi símẹ́ńtì sí i.

Ìgbà tó wá kẹ̀yìn sí wa, tí ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, oníbàtà tó jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ dúró. Mo ní ó ti bàjẹ́, ilé ló ń lọ yìí, a ò tún ní rí i níta mọ́. Ó rọra yíjú padà, ó bi oníbàtà pé ta ló kan òrùlé tó wà lórí rẹ̀ yẹn. Oníbàtà wò lókè, ó wò nílẹ̀, ó ní bàbá ni. Bàbá rẹ ní ó dáa, kó wá máa ka ìṣísẹ̀ òun sókè nígbà náà, kó má jókòó lásán. Ni oníbàtà bá bẹ̀rẹ̀: ọ̀tún, dúró, òsì, dúró! Aránṣọ gbè é, olóògùn gbè é, gbogbo àdúgbò ń ké ọ̀tún, òsì, bàbá rẹ ń lọ, ó ń bọ̀, mo ń yà á, omi ń bọ́ lójú mi, ìyẹn ló jẹ́ kí fídíò náà máa gbọ̀n, kì í ṣe fóònù.

Nígbà tí àwòrán tí o yà dé, mo rò pé fóònù ti kú. Àwọ̀ onígun mẹ́rin wúruwùru ni mo rí. Mo fi aṣọ nù ún, kò lọ, mo gbé e tọ ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe, ó ní kí n kàn nà án jìnnà sójú. Mo nà án, bàbá rẹ bá kóra jọ! Fìlà rẹ̀ nìyẹn, ikùn rẹ̀ nìyẹn, pẹ́ńsùlù etí rẹ̀, àmì kan péré ni o fi ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èjìká ọ̀tún gòkè, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Ó ń rìn, kò dé ibì kankan, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó jókòó. Bàbá rẹ gba fóònù, ó wò ó, ó tún un wò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Ó ní, káfíńtà nìyí.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí fóònù lò. Kò sí ẹni tí kò tíì fi hàn. Ní báńkì, akọ̀wé ní kó mú ohun ìdánimọ̀ wá, ó na fóònù sí i. Akọ̀wé ní èyí ò lójú, kò nímú. Bàbá rẹ ní kó nà án jìnnà. Akọ̀wé nà án, ó ní òótọ́ ni, òun ni, àmọ́ kó ṣì lọ mú káàdì rẹ̀ wá. Oníbàtà ti wá bẹ̀bẹ̀, ó ní kó bá òun kan pẹpẹ, bàbá rẹ sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ti fi òrùlé sílẹ̀ fún àwọn tó kéré, pẹpẹ àti àga ò ní kóun gun nǹkan kan.

Ó ní kí n béèrè bí odò yẹn ṣe fẹ̀ tó, àti bí akọni yẹn ṣe wúwo tó, tòun ti idà rẹ̀, òun kì í kan afárá láìwọn. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí agbára rẹ bá ká, kó fi ra ìṣó àti gọ́ọ̀mù, ìṣó ṣọ́ọ̀bù ti dípẹtà, gọ́ọ̀mù ti gan. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kí o fi dátà sí fóònù náà.

Olúwa á bù kún ojú tí o fi ń wò àti ọwọ́ tí o fi ń tò ó. Ohun kékeré tí o bá tò á máa di ńlá. Kí o bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ìfẹ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yẹn, Ọlọ́run á wá owó ọ̀yà rẹ̀ fún wọn.

Bàbá rẹ ò sí nílé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àárọ̀ ló ti jáde, kò sọ ìgbà tó ń bọ̀. Èmi nìkan ló wà ní pálọ̀, ilé pa lọ́lọ́, kò sẹ́ni tó ń bá mi wí, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ