Àpò Owó Àjèjì Tí Mo Gbé Lọ sí Àjàṣẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ilé Sakété ṣì wà ní ìdúró. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Wọ́n ti kun iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ tí ẹ kò lè fẹ́ràn láéláé, ṣùgbọ́n òjò kò jò wọlé mọ́. Èmi ṣì wà ní Pobè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì díẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń tàsé kí ó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ Délé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í mú bírò bí ọkàn mi bá balẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí ọmọkùnrin mi yìí kò tẹ ilẹ̀ Pobè, kò sì dé Sakété. Bẹ́ẹ̀ Àjàṣẹ́ ló wà, níbi tó ti ń tún fìríjì ṣe, ibi tí èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì padà wá jẹun ọ̀sán nílé. Ó máa ń pè mí lórí pọ́tábù ní ọjọ́ Àìkú. Ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ó máa ń béèrè àlàáfíà mi bí ẹni tó ń kí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò tíì mú ẹnì kankan wá fi hàn mí. Ta ló ń se oúnjẹ fún un? Ṣé ó ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn? Bí ó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lórí pọ́tábù, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ ikọ́ náà létí mi. Ẹ máa ń fi irú èyí ṣe mí yẹ̀yẹ́ nígbà ayé yín. Ẹ máa ṣe é lọ, mi ò bínú.

Ṣé ẹ mọ ohun tó lé e jìnnà? Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n ń sin máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lágbàlá.

Owó àjèjì yín ni. Mo ṣì rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò máa ń gbé òṣùwọ̀n wá kí ẹ tún un ṣe, òṣùwọ̀n àgbàdo, òṣùwọ̀n gàrí. Ẹ ó dojú abọ́ rẹ̀ dé, ẹ ó sì rí owó onírin ilẹ̀ òkèèrè kan tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó lè tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó jù ú sínú garawa. Ẹ kò sọ orúkọ ẹnì kankan fún wa rí. Láti ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ yín lára, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àpò owó àdàlù lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn tó bá ti Gàbọ́ọ̀nù dé. Èyí tí ẹ bá ti wò tán, ẹ ó mú límù, irin tí ẹ fi ń ha irin, ẹ ó fi gé ojú kékeré kan sí etí rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé tiyín ni, kí ẹnì kankan nínú ilé má baà gbé e lọ ra iyọ̀.

Ọkùnrin kan tó máa ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ sọ fún mi pé ẹ ti bà wọ́n jẹ́. Ó ní owó tí wọ́n bá ti gé létí, kò sí olùkójọ tó máa yà wò ó. Inú bí mi sí i nítorí yín. Ṣùgbọ́n ojú límù yẹn ni mo wá ń wá káàkiri báyìí.

Nígbà tí ẹ lọ, àlejò kún ilé. A nílò yàrá iṣẹ́ yín fún àwọn ará Towé tó ń bọ̀ wá sùn. Délé ló palẹ̀ yàrá náà mọ́. Abọ́ òṣùwọ̀n tó ti fọ́, ẹ̀wọ̀n, ìkọ́, garawa owó yín, gbogbo rẹ̀ ló kó fún àwọn tó ń ra págunpàgun. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílò. Ohun tí wọ́n fún un, ó fi háyà àga fún àwọn tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀. Ìgbà tí mo wọlé tí mo rí ilẹ̀ gbalasa, mo figbe ta. Níwájú àwọn àbúrò yín, níwájú àwọn àna Àbẹ̀kẹ́, mo ní: “Délé, o ta bàbá mi ní kílò!” Ó dúró títí wọ́n fi da erùpẹ̀ bò yín tán, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Bàbá, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Èmi ni mo rán an. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, níbi tí mo ti ń wé gèlè, mo ní kó kó gbogbo irin tó wà ní yàrá yẹn jáde, kó má ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ohun tí mo wí ló ṣe. Àárín igbe ni mo ti rántí, mo sì ń kígbe náà lọ. Ó lè sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé èmi ni. Kò sọ ọ́. Ó gba ẹ̀bi náà, ó gbé e lọ sí Àjàṣẹ́. Irú ìyá wo ni mo jẹ́? Ẹ̀yin ì bá ti sọ ọ́ fún mi lójúkojú.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ ra bọ́tìnnì lọ́dọ̀ Ìyá Ráfíátù ní ọjà Sakété. Ó ń ta àgádágodo, aago àtijọ́, sípù, onírúurú. Mo rí àwọn àpò kékeré tí wọ́n so lẹ́nu, wọ́n wúwo bí ẹ̀yìn ọlẹ. Ó ní owó àjèjì ni, pé òun ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ti Mẹ́kà dé, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń ra págunpàgun. Bí ó ṣe dárúkọ págunpàgun, mo rántí garawa yín. Mo gbé àpò kan, mo ń tẹ̀ ẹ́ wò.

“Ìyá Délé, ẹ yé é fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tuntun. Ẹ rà á tàbí kí ẹ gbé e sílẹ̀!”

“Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?”

“Gbogbo ayé ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má tú u níbí o! Ẹni tó bá tú okùn, òun ló rà á. Kì í ṣe tòmátì ni mò ń tà.”

Mo rà á. Nígbà tí mo dé Pobè, mo dà á sórí aṣọ funfun. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ní àwòrán ẹja, ojú límù yín sì wà létí rẹ̀. Mo jókòó lé aṣọ oníbàárà láìmọ̀.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ ọjà kan kì í lọ kí n má ra àpò kan. Méje péré ni mo ti rí nínú tiyín. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù náà ti wọ̀ mí lójú, Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí tó ní ihò láàárín wà níbẹ̀, èyí tó ní igun mẹ́jọ wà níbẹ̀, òmíràn sì fúyẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Mo rán aṣọ kan tó ní àpò wẹ́wẹ́, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

“Ìyá, ṣé bàńkì lẹ fẹ́ ṣí ni? Jẹ́tọ̀n, owó onírin tí kò lè ra àkàrà!”

“Èyí tí kò lè ra nǹkan kan gan-an ni mo fẹ́.”

Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé bí mo bá ti rí púpọ̀ nínú owó yín, màá pe Délé wá wò ó, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ní ọjọ́ kan, bí mo ti ń rán àpò tuntun mọ́ aṣọ yẹn, mo rí i pé mo ń fi ara pamọ́ ni. Bí mo bá tiẹ̀ rí gbogbo rẹ̀ padà, ohun tí mo ṣe sí ọmọ mi kò sí nínú àpò kankan. Mo gé òwú náà. Mo ní màá lọ.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo ra àpò kan, mi ò tú u. Àbẹ̀kẹ́ sáré tẹ̀lé mi dé ibùdókọ̀. “Ìyá, ẹ pè é kẹ́ ẹ tó lọ!” Mo kọ̀. Bí mo bá pè é, á ní iṣẹ́ gbé òun lọ sí Kútọnu. Ẹ̀rù bà mí láti Sakété títí dé Àjàṣẹ́, mo di àpò yẹn mú ṣinṣin nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Mo bá Délé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti rù, Bàbá. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn fìríjì kan, obìnrin tó ni ín jókòó tì í, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀.

“Ìyá! Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Fún mi lómi.”

Ó bu omi fún mi. Obìnrin náà dìde pé kí n jókòó, mo ní rárá. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

“Délé, èmi ni mo ní kó o kó gbogbo irin jáde. Mo ti rántí lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún ń pariwo lé ọ lórí. Níwájú àwọn èèyàn ni mo ti purọ́ mọ́ ọ, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ níwájú èèyàn.”

Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

“Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ni.”

“Mi ò gbàgbé.”

“Èmi náà, Ìyá, mo rí owó yẹn nínú garawa. Mo mọ̀ pé ti Bàbá àgbà ni. Ó yẹ kí n béèrè. Ó ti rẹ̀ mí ni, mi ò béèrè.”

Ìyẹn ni mi ò mọ̀, Bàbá. Ó tó ọdún mẹ́ta tí àwa méjèèjì ti ń dá ara wa lẹ́bi, kálukú nílé tirẹ̀. Mo dì í mú. Ó ń rùn òróró ẹ̀rọ, a sì ń sunkún.

“Ẹ̀yin ará Pobè,” obìnrin yẹn ní, “ṣé ẹ ó sunkún tán kí fìríjì mi tó tutù ni?”

Bí a ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn.

Nígbà tí obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ lọ, Délé ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbá orí tábìlì mọ́. Mo ní òun ni kó tú okùn. Mo ṣàlàyé ojú límù fún un. Ó gbé iná tó fi ń wo inú ẹ̀rọ, a ń wo etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń dárúkọ ilẹ̀ tí mo bá mọ̀, òun ń ka lẹ́tà tí ojú mi kò rí. A wò ó títí dé ìsàlẹ̀ àpò. Kò sí tiyín kankan níbẹ̀. Bí ó ti wù kó kéré tó, kò sí. Mo ń wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé á rò pé òfo ni gbogbo rẹ̀.

Ó kó owó náà padà sínú àpò, ó so ó.

“Ìyá, ìgbà wo ni ọjà Sakété tún bọ́ sí?”

Mo sọ fún un.

“Ẹ má rà á kí n tó dé o.”

Ọ̀la ni ọjọ́ náà, Bàbá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má gun ọ̀kadà sẹ́mì láìdé àṣíborí. Ó ní òun ti gbọ́. Mo tún máa kìlọ̀ fún un láàárọ̀.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí kò lè jókòó sójú kan láti àárọ̀.