Òṣùká Tí Kò Ní Orí Lábẹ́

Jọmílójú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ tí òtútù Kánádà ń bá jà. Abíọ́dún, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń lọ sóko. Kòkó ti ń pọ́n.

Abíọ́dún fi àwòrán èèpo ẹ̀yìn tuntun tí o yà fún ìwé eré àtijọ́ náà hàn mí lórí fóònù, eré obìnrin tó ru ẹrù ilé rẹ̀ sá fún ogun. Òṣùká kan ṣoṣo ni o yà. Bàbá Adéoyè aládùúgbò wa bú sẹ́rìn-ín: "Ènìyàn inú eré ọ̀hún dà? Àbí ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ Jọmílójú?"

Mo tún àwòrán náà wò dáadáa. Òsì òṣùká náà tẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ìyá rẹ ni! Láti ìgbà tó ti ṣubú tòun tẹrù lọ́nà ìlú Orin ni ọrùn rẹ̀ ti wọ́ sósì, ìwọ tí ò ń rìn tẹ̀lé e sì mọ̀. O kò ya ojú, o kò ya ọwọ́, síbẹ̀ mo rí aya mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Omi kò bọ́ lójú mi níbi ìsìnkú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí mo ṣí fìlà fún òṣùká.

Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ní kí o ya arẹwà obìnrin sábẹ́ òṣùká náà, kí ó lè tà. Má gbà fún wọn. Ojú ẹlòmíràn ni wọn yóò fi síbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Ọlọ́run yóò dá ẹ sí fún àwọn ọmọ rẹ. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí abẹ́ òṣùká náà ṣófo.

Èmi bàbá rẹ,
Olúdáre