Agboòrùn Alága

Èmi, tí orúkọ mi kíkún wà nínú ìwé ilẹ̀ ilé yìí àti nínú ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe lórí iṣẹ́ iná mànàmáná, tí tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníná, ni mo jókòó sídìí tábìlì mi láti kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn inú ẹ̀dọ̀ mi ń lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ohun tó kù fún mi láti ṣètò kò pọ̀: ilé kan, irinṣẹ́ díẹ̀, ológbò kan, àti ọmọkùnrin mi tí kò lè dá bọ́ ara rẹ̀. Nítorí ti ìkẹyìn yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ìkíní. Àwọn tí yóò mú ìhágún yìí ṣẹ ni àkọ́bí mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, àti káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìṣeré. Kí wọ́n ṣe é lẹ́sẹẹsẹ bí mo ti kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe yí i padà nítorí àánú. Mo mọ àwọn méjèèjì. Aláàánú ni wọ́n.

Ìkejì. Gbogbo irinṣẹ́ mi, tẹ́sítà, púláyà, mítà tí mo fi ń wọn iná, àti irin tí mo fi ń jó òjé mọ́ wáyà, mo fi wọ́n fún obìnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nínú yàrá pátákó tó ń fi àmì ayò ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì wa àti ti àlejò hàn, lókè ní gbọ̀ngàn. Kí ó máa fi epo sí ẹ̀yìn nọ́ńbà tiwa. Nọ́ńbà àlejò kì í bàjẹ́, nítorí gbogbo ìgbà ni à ń lò ó. Tiwa ló máa ń dípẹtà, nítorí kì í sábàá yí. Ẹ̀fẹ̀ àbúrò mi ni gbólóhùn yẹn. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹ lè mọ̀ pé etí mi kò di sí ẹ̀fẹ̀.

Ìkẹta. Àkàbà mi gígùn, mo fi í fún káfíńtà. Òun ló kan agbọ̀n básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé mi nígbà tí ọmọ mi ṣì kéré, orí àkàbà yìí ló sì dúró sí. Baba àwọn ọmọ mi ti kú nígbà náà. Láti òkè níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu, káfíńtà bi mí ní ìbéèrè kan. Mo ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ ná. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, mo ti wọlé lọ gbé omi kaná. Kò tún béèrè mọ́, èmi náà kò sì rán an létí. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn náà.

Ìkẹrin. Ológbò mi, tí à ń pè ní Réfùrí nítorí pé kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ tí kò ní gbójú kúrò, kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Orí ẹsẹ̀ ọmọ mi ló ń sùn. Ibi tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà ni kí a fi í sí.

Ìkarùn-ún. Fún àkọ́bí mi obìnrin, mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn ìwé mi àti gbogbo aṣọ mi sílẹ̀. Mo sì bọ́ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún mi kúrò lọ́rùn rẹ̀, pé òun yóò mú àbúrò òun sọ́dọ̀. Àjà kẹta ló ń gbé. Àbúrò rẹ̀ ga ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó sì wúwo ju ọkọ rẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì la jọ gbé e lọ wo ilé ìtọ́jú kan. Ibùsùn wọn kúrú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ká a bí aṣọ," ó sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmọ mi padà sílé.

Ìkẹfà. Kí n tó pín ilé, ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí adájọ́ kankan má baà rò pé orí mi ti yí.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ mu ọmú kan náà, ni alága àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì wa. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹgbẹ́ tó ń pàdánù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní ohun mìíràn tó lè fún olólùfẹ́ rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ, àbúrò mi ló sì ń pín in. Ó ní ẹgbẹ́ wa kì í pàdánù, wọ́n kàn mọ àlejò í ṣe ni. Ó sọ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ọ̀làwọ́, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, alátakò ló máa ń fi ta lọ́rẹ. Ó sọ òmíràn ní Ìyàwó Tuntun, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan òun. Nígbà tí ọmọ mi wọ ẹgbẹ́, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi dúró lójú kan, tí yóò fọwọ́ ti orúnkún, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló dìde, tó ní, "Ẹ wo òpó iná! Ó ga, ó dúró, iná ni kò sí." Láti ọjọ́ náà ni Òpó Iná ti di orúkọ ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá pátákó. Èmi, oníná.

Bí réfùrí bá sì fún un láyè láti ju bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́, àwọn tó jókòó lẹ́yìn agbọ̀n a ṣí agboòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ní, "Ẹ bo orí yín o, òjò ń bọ̀. Kò síbi tí bọ́ọ̀lù yìí ò lè bọ́ sí, àfi inú agbọ̀n." Agboòrùn pupa ni ti Alága, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ, ọkàn àyà rẹ̀ tó ń ṣàárẹ̀ ni. Ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n tó fi hàn wá nínú àwòrán ní ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí, ọmọ mi gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ agbọ̀n, kò jù ú, ó ṣubú gbalaja. Agboòrùn ṣí. Ohùn àbúrò mi gba gbogbo gbọ̀ngàn: "Òpó ti wó o. Ẹ ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ kó wá tún wáyà so." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ẹgbẹ́, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì, rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ń nù ún. Láti yàrá pátákó lókè ni mo ti rí i pé ọwọ́ ọmọ mi ń gbọ̀n lọ́nà tí ọwọ́ ẹni tó ń ṣeré kì í gbà gbọ̀n. Mo tẹ fèrè pátákó, n kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní pátákó náà ti ya wèrè. Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Káfíńtà nìkan ló fo irin ìdènà bọ́ sínú pápá. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tán.

Ọmọ mi kò kú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó padà dé ọpọlọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sọ̀rọ̀, kò rìn, kò sì mọ̀ mí.

Àbúrò mi wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe." Mo ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ rédíò kan gbà á síṣẹ́, kí ó máa fi ẹgbẹ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ìdíje. Wọ́n ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ìkeje. Fún dókítà ẹgbẹ́, tó ṣì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì, mo fi aṣọ pélébé kan sílẹ̀, fún nínu awò ojú rẹ̀.

Ìkẹjọ. Ní ọjọ́ kan, obìnrin tó ń bá mi fọ aṣọ tan rédíò sílẹ̀ nínú yàrá ọmọ mi. Ohùn àbúrò mi ni mo gbọ́, mo sì wọlé láti pa rédíò náà. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín.

N kò gbà á gbọ́. Bí a ti ń wá ibi tí wáyà ti já ni mo ṣe wá a, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lo ohùn tèmi. Mo lo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo lo ti káfíńtà, mo lo ti àwọn aláwàdà mìíràn orí rédíò. Kò sí èyí tó ṣe nǹkan kan. Mo dá a padà sí ti àbúrò mi: ojú ọmọ mi yí sí rédíò, ẹnu rẹ̀ là, ó rẹ́rìn-ín bó ti máa ń rín nígbà tó wà ní kékeré, tí àbúrò mi máa ń gbé e sọ́rùn kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó agbọ̀n ẹ̀yìnkùlé. Mo dán an wò títí n kò fi ríbi sá sí. Bí ojú bá fara balẹ̀, a rí imú. Wáyà kan ṣoṣo ni iná ṣì ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, ọwọ́ ẹni tó já ìyókù ló sì wà.

Ìkẹsàn-án. Nítorí náà, mo fi ilé yìí, tòkè tìsàlẹ̀, fún àbúrò mi, Alága, lábẹ́ àwọn àdéhùn tí ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ yẹ̀. Inú rẹ̀ ni kó máa gbé pẹ̀lú ọmọ mi. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ alágbàṣe, ni kó máa fi wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, kó máa yí i padà lórí ibùsùn kí awọ ara rẹ̀ má baà bó, kó máa fi ṣíbí bọ́ ọ, kó sì dúró kí ó gbé èyí tó wà lẹ́nu mì kó tó bu òmíràn. Kí ó má ṣe pààrọ̀ ibùsùn náà. Káfíńtà ló kàn án, ó gùn tó.

Agboòrùn pupa tó gbàgbé sórí ìjókòó lọ́jọ́ yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mo dá a padà fún un. Ó ṣí i fún òjò tí kò rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, tí oòrùn sì ń ràn, kí ó máa ṣí i sórí rẹ̀, kí ó sì máa dì í mú.

Bí ó bá kọ̀, tàbí tí ó bá gbà á tán tí ó sá, kí a ta ilé náà, kí a fi owó rẹ̀ gba ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ mi. Lẹ́yìn náà, kí àwọn tí mo yàn ka abala kẹfà ìwé yìí lórí makirofóònù gbọ̀ngàn láàárín ìdíje, nígbà tí àwọn èèyàn bá jókòó pé.

Ìkẹwàá. N kò dárí jì í. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níbi ìsìnkú mi kó sọ pé mo dárí jì í. Iṣẹ́ ni mo fún un.

Alága, àbúrò mi. Nígbà tí o bá jókòó tì í, má ṣe sunkún. Ẹkún rẹ kò wúlò fún un. Sọ ti Ọ̀làwọ́. Sọ ti Ìyàwó Tuntun. Pè é ní Òpó Iná, bó bá jẹ́ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ní ọjọ́ tó yẹ kí o dákẹ́, o kò dákẹ́. Mo fi òfin dè ọ́ báyìí: o kò gbọdọ̀ dákẹ́ mọ́.

Mo fọwọ́ sí i nínú ilé mi, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ọdún tí ẹgbẹ́ wa tún ṣe ìkẹyìn.

Ìyá Oníná

Àwa tí a fọwọ́ sí i lójú rẹ̀:
Aránṣọ òdìkejì òpópónà
Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìṣeré

A jẹ́rìí pé ó kà á sókè fún wa láìkọsẹ̀, ojú rẹ̀ sì gbẹ. Rédíò wà ní títàn nínú yàrá kejì ní gbogbo àkókò náà, a sì gbọ́ tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín.