Ìwé Tó Dá Mi Lẹ́bi Ló Ní Èmi Ni Mo Ni Oko

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Iṣẹ́ oko tòní: kò sí. Yìnyín bo gbogbo rẹ̀.

Ìjọba ní ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti gbin igbó gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń kọ iṣẹ́ oko rẹ̀ sí lójoojúmọ́. Ó dáa. Èmi Hádù ọmọ Álàlì, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ lórí òkè Kẹ́támà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mi ò mọ̀wé. Àtàǹpàkò ni mo fi ń fọwọ́ sí nǹkan. Yàmínà ìyàwó mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà tó lọ kọ́ ìwé ní mọ́sálásí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ó ní òun ò ní kọ èébú o. A ó máa wò ó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òfin tuntun náà rèé, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Onítáì, ọ̀gá tó ń forúkọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Igbó tó bá lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ṣe oògùn, ọmọ rere ni. Igbó tó bá wọ inú ìkòkò tábà mi, ọ̀daràn ni. Orí igi kan náà ni a ti já àwọn méjèèjì. Mo bi í pé báwo ni ewé ṣe máa mọ ibi tó ń lọ. Ó ní, “Bàbá, ìwé ló máa sọ fún un.”

Ewé wá mọ̀wé. Èmi tí mo gbìn ín ò mọ̀wé.

Láti kékeré ni mo ti ń gbìn ín. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi lé mi kiri nítorí rẹ̀. Wọ́n wá ní kí n kọ̀wé béèrè. Kí n máa kanlẹ̀kùn ilé ara mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wàhálà dé. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni mo ni Oko Ojú-Oòrùn, ibi tí mò ń gbin igbó sí. Ta ló ní ìwé ilẹ̀ lórí òkè yìí? Bàbá mi ló hú òkúta ibẹ̀ kúrò. Ọkọ́ rẹ̀ ni ìwé rẹ̀.

Ó tún kù — ẹlòmíràn ti fi oko kan náà forúkọ sílẹ̀. Oníyẹ̀fun.

Oníyẹ̀fun ni mò ń pe Ṣáíbù, ọmọ àbúrò bàbá mi. Ní gbogbo ọdún tí ìjọba ń wá mi, bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ti ń gòkè bọ̀, màá sá wọ àárín igi kédárì. Ṣáíbù ló ń gbé ìyẹ̀fun wá fún Yàmínà. Àánú rẹ̀ pọ̀. Àánú ọ̀hún ti fẹ́ jẹ oko báyìí. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n máa pa ìwé dé. Ẹni tó bá gba àṣẹ ló gba oko.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Iṣẹ́ oko tòní: kò sí. Mo bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo rántí agolo òróró ólífì tí mo fi pamọ́ sínú ògiri. Ìwé ìdájọ́ mi wà níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, wọ́n dá a fún mi lẹ́yìn mi. Ojú ewé mẹ́ta, òǹtẹ̀ márùn-ún. Nítorí ìwé yẹn ni mi ò ṣe lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú. Nítorí rẹ̀ ni mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ìyá mi. Ìdáríjì ọba ló wá tú mi sílẹ̀, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi.

Mo gbé e lọ bá Onítáì. Ó ka ojú ewé kìíní, inú rẹ̀ dùn. “Bàbá, mi ò tíì rí ìwé ilẹ̀ tó dára tó èyí lọ́sẹ̀ yìí. Orúkọ yín rèé, ìwọ̀n oko rèé, odò ní ìlà-oòrùn, igi ọ̀pọ̀tọ́ ní ìwọ̀-oòrùn.” Inú tèmi náà dùn. Àwọn tó ń wá mi ló bá mi wọn ilẹ̀ mi.

Ló bá dúró. Ó ní ṣé wọ́n ti dárí jì mí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ìdájọ́ tí wọ́n ti pa rẹ́ ò lè ṣe ẹ̀rí mọ́.” Mo ní kí wọ́n gba ìdáríjì wọn padà. Ó ní wọn kì í gbà á padà. Kí n lọ mú ẹlẹ́rìí méjìlá wá síwájú akọ̀wé ẹ̀rí.

Nígbà tí mo jẹ̀bi, mo ní oko. Wọ́n wẹ̀ mí mọ́ tán, mi ò ní nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Yàmínà gba ìwé ìdájọ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kò sẹ́ni tó kà á rí nínú ilé yìí, òun ló máa kà á. Ó ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ojú ewé kan lè gbà á lọ́jọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Mo ní kó fi ìwé òkú sílẹ̀. Ó ní kí n máa sọ tèmi, òun ń ka tòun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mò ń wá ẹlẹ́rìí. Mo kọ́kọ́ lọ bá Mìmúnù, ẹni tí a ti jọ ń mu ìkòkò fún ogójì ọdún, tó ń bú mi pé ewé mi ò lágbára. Ó ní, “Hádù, tí mo bá ní mo rí ọ lóko, wọ́n á bi mí pé kí lo gbìn.”

Mo ní kó sọ ohun tó rí.

“Ọkà báálì ni mo rí.”

Ibi tí mo lọ, ọkà báálì. Ẹ̀rù ti bà wọ́n pẹ́ débi pé ẹnu wọn ò mọ orúkọ mìíràn. Èmi wá di àgbẹ̀ báálì tó lókìkí jù lórí òkè yìí, kò sì sẹ́ni tó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ rí.

Ẹlẹ́rìí mọ́kànlá. Gbogbo ọkùnrin tó mọ bàbá mi, tó ṣì wà láyé, nìyẹn. Ó ku ẹnì kan: Oníyẹ̀fun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Yàmínà dé ojú ewé kẹta. Ó fi ìka mọ́ ìlà kan. Mo ní kí ló dé. Ó tún un kà sókè: “Ẹlẹ́rìí, Ṣáíbù ọmọ Búsíyànì, sọ pé: Hádù nìkan ló ni oko náà, bàbá rẹ̀ ló ni ín ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀ tèmi parí síbi igi ọ̀pọ̀tọ́.” Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó dúdú bí èso ólífì.

Lọ́dún yẹn, igbó wà lápá ọ̀tún igi ọ̀pọ̀tọ́, ó wà lápá òsì. Ó fi tèmi hàn wọ́n kí wọ́n má baà wo tirẹ̀.

Ìyẹ̀fun ọdún méjìlélógún.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan. Yàmínà ò kọ wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lọ sílé Oníyẹ̀fun. Ó gbé tíì wá, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ wá yọ̀ǹda oko fún mi ni? Ẹ ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí eegun yín sinmi.” Mo tẹ́ ìwé náà sórí àwo tíì. Òun náà ò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ òǹtẹ̀.

Mo ní, “Yàmínà ti mọ̀wé kà.”

Ẹ̀rín náà ò mọ ibi tó máa wọlé sí. Ó ní, “Ọmọ mẹ́fà ni mo ní nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n.”

Mo ní, “Èmi ní ìyá kan.”

Mi ò mu tíì rẹ̀. Mo sọ fún un pé akọ̀wé ẹ̀rí ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Iṣẹ́ oko tòní: kò sí. Yàmínà ní kí n jẹun. Mi ò jẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àgbàlá mọ́sálásí ni akọ̀wé ẹ̀rí jókòó sí, lẹ́yìn ìrun. Àwọn mọ́kànlá sọ tiwọn. Báálì, báálì, báálì. Akọ̀wé ń kọ ọ́, kò gbójú sókè, ẹ̀rín ló ń gbé mì. Ó ku ẹnì kan. Kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wo bàtà mi.

Ṣáíbù wọlé. Kò wò mí. Ó ní: “Hádù nìkan ló ni oko náà, bàbá rẹ̀ ló ni ín ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀ tèmi parí síbi igi ọ̀pọ̀tọ́.” Bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Ọkùnrin tí kò mọ̀wé. Ọdún méjìlélógún ló ti wà lórí rẹ̀.

Akọ̀wé ní kí ni mò ń gbìn síbẹ̀?

“Igbó ni,” Ṣáíbù wí. “Ta ló ń fi irú ilẹ̀ yẹn gbin báálì? Kò sí igbó tó dára tó o lórí òkè yìí.”

Àwọn mọ́kànlá wo ilẹ̀.

Onítáì gba ìwé mi kí ọ́fíìsì tó tì. Ó ní kí n mú ìwé iṣẹ́ oko mi wá lọ́jọ́ Ajé kó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta

Yàmínà ra ìwé tuntun. Láàárọ̀ kan ló kọ ọ́ tán: kò sí, kò sí, yìnyín, kò sí. Tìjọba nìyẹn. Inú agolo ni èyí ń lọ.

Iṣẹ́ oko tòní: mo lọ wo igi ọ̀pọ̀tọ́. Ó ṣì wà níbi tó wà.

Ààwẹ̀ ti dé tán, kálukú ń wá àforíjì kiri. Ṣáíbù wá. Ó ru àpò ìyẹ̀fun, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ìwé ìdájọ́ yẹn kí òun dáná sun ún. Mo ní rárá. Inú ìwé yẹn nìkan ni ìjọba ti kọ ọ́ rí pé mo ní nǹkan. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó lọ.

Àpò náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Yàmínà ń bi mí pé ṣé kí òun fi po búrẹ́dì sààrì. Mo ní kó kọ ọ́ pé mi ò tíì dáhùn.