Iná Láti Inú Èèpo Ẹ̀gẹ́

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Àgọ́ró,
                                        Iba, Ọ̀jọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà, 2025.

Moṣọpẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan o. Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara bàbá àwọn ọmọ le? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Àwa náà wà níbí, ara le, a dúpẹ́, àyàfi pé ẹnu àwọn ará àdúgbò ò sinmi lórí mi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ nìyẹn, torí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O rántí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń yan gàárì. Nígbà tí o ṣì wà ní Ajangbadi, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ máa ń wá kó o. Ẹ̀gẹ́ tí à ń bó ti wá pọ̀ ju ẹnu ewúrẹ́ lọ. Òjò rọ̀ sí i, ó rà, ó ń rùn débi pé àwọn tí ilé wọn kángun sí wa kì í ṣí fèrèsé mọ́. Ni àwọn wolé-wolé bá dé. Wọ́n ní bí a ò bá wá nǹkan ṣe sí i, àwọn á ti ibẹ̀ pa. Ibẹ̀ sì ni gbogbo àwa obìnrin yìí ti ń rí oúnjẹ òòjọ́.

Bísọ́lá, àbúrò mi tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, ló ní a lè fi èèpo náà ṣe epo ìdáná. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí a fọ èèpo tútù, kí a sè é, kí a da ọkà bàbà tó ti hù tí a sì lọ̀ sí i kó lè di àdídùn, kí a wá fi yíìsì sí i kó kan. Tó bá kan tán, kí a gbé e kaná nínú àgbá tí a dé pa, kí ooru rẹ̀ gba páìpù tó la inú omi tútù kọjá. Ohun tó bá ń kán lẹ́nu páìpù ni epo. Àdìgún, wẹ́dà kan ní Okokomaiko, ló bá wa jó páìpù mọ́ àgbá náà.

Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe, omi kíkan lásán ni. A ṣáná sí i, ìṣáná ló kú. Ràṣídátù tí a jọ ń yan gàárì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi, mo ní a ó tún un ṣe. A tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Bísọ́lá ní iná wa ló le jù, omi ló ń bá a jáde. A dín iná kù, a da èyí tó ti kán padà sínú àgbá, a tún un pọn. Lọ́jọ́ tó gbà, iná aláwọ̀ aró ló sọ, kò sí èéfín, ìdí ìkòkò ò dú. Ariwo tí mo pa, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Òórùn rẹ̀ jọ ti ògógóró, ni ìròyìn bá gba àdúgbò pé èmi Ìyá Maimunat ti ń pọn ọtí. Wọ́n sọ ọ́ dé mọ́ṣáláṣí. Fàwáz ọkọ mi wọlé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

“Sẹ̀kínát, ṣé ọtí lo ń pọn?”

“Epo ìdáná ni.”

“Ẹni tó bá mu ún, ṣé kò ní pa á bí ọtí?”

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní yóò pa á. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé sílẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Abọ́lá tó ń ta paraga nítòsí bárékè Ọ̀jọ́ dé. Ó ní, “Ìyá Maimunat, gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá pọn ni mo máa rà. Ẹ ṣá má da nǹkan kan sí i.” Owó tó dárúkọ ju ti gàárì lọ fíìfíì. Ràṣídátù fi ìgúnpá gún mi. Moṣọpẹ́, ọkàn mi fà sí i. Ṣùgbọ́n Bísọ́lá ti kìlọ̀ fún wa pé irú rẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò dáadáa lè fọ́ èèyàn lójú. Ọmọ ta ni n ó fọ́ lójú? Mo ní kó máa lọ. Ó ní màá kábàámọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo bẹ Alfa kí wọ́n yà lọ́dọ̀ wa. Níwájú wọn, níwájú Fàwáz àti gbogbo èrò, mo da kẹrosíìnì díẹ̀díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, kó má ṣeé mu mọ́. Alfa gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yáa gbé imú kúrò. Mo bu díẹ̀ sínú sítóòfù, mo ṣáná sí i, mo gbé omi tíì kaná. Kò pẹ́, omi hó.

Alfa ní, “Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọtí.”

Fàwáz fúnra rẹ̀ ló bu tíì fún wọn.

Àwọn wolé-wolé ti padà wá. Òkìtì náà ò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti wálẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti dín kù. Wọ́n fi wá sílẹ̀ ká máa bá iṣẹ́ lọ. Epo tí à ń rí ò tíì tó gbogbo wa í dáná, igi tí à ń kó sábẹ́ àgbá sì ń dùn mí, ìyẹn la fi fẹ́ máa lo èèpo àgbọn gbígbẹ láti ọ̀nà Àgbádárìgì. Abọ́lá ṣì ń bà mí lórúkọ jẹ́ káàkiri. Kó máa bá a lọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àdìgún ti ń jó àgbá kejì lọ́wọ́.

Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Maimunat ní kí n kí ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìròyìn dé Ìlaròó pé Sẹ̀kínát ti di apọntí, sọ fún un pé iná ni mo ń pọn.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
                                        Sẹ̀kínát