Ẹja Tí Kò Lórí Tí Mo Sè fún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń sùn, wọ́n ń jí? Ẹni tó ń ṣọ́ wa níbí ni yóò máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Tèmi kò burú, orúnkún nìkan ló ń dún bí mo bá dìde.

Ẹja òkun tí o fi rán awakọ̀ ti dé. Mo tú ọ̀rá rẹ̀, mo rí i pé ó funfun bí òwú, kò lórí, kò nírù, kò ní egungun kan ṣoṣo. Mo bi awakọ̀ pé orí ẹja ọmọ mi dà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mo yẹ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ wò kí n tó jẹ́ kó lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí ìyá rẹ ti ilé ìwòsàn dé, kò sì jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì ní ata kò gbọdọ̀ kan ọ̀fun rẹ̀, ohun tó rọ̀ tí kò ní òórùn líle ni ká fún un. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, á yíjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí, mi ò kàn sọ fún ọ ni. Mo wá pinnu pé ẹja yìí kò ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ogójì ọdún, omi ìwẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbé kaná.

Ohùn tí o fi sínú fóònù láti kọ́ mi, mo gbọ́ ọ. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo ní kí o dúró kí n wá ìkòkò, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń dà ọ́ láàmú. Ohun tí mo dì mú ò ju bọ́tà díẹ̀, omi díẹ̀, àti pé kí n bù ú sínú àwo gbígbóná.

Mo gbé ọ̀rá náà tọ télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ kó bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nítorí lẹ́tà wọn kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ní wọ́n kọ ọgọ́sàn-án, pé bí iná ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó ni. Mo ní sítóòfù mi kò mọ̀wé, iná ńlá àti iná kékeré ló mọ̀. Ó dá mi lójú pé kíkà ni wọ́n ní ká kà á. Mo gbé ẹyọ kan nínú ẹja náà kaná, mo bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ìyàwó káfíńtà wọlé, ó kí mi, mi ò lè dáhùn, ó bínú lọ. Mo dé márùndínláàádọ́jọ, mo ṣì í kà, mo tún padà sí oókan, bí omi ṣe gbẹ nìyẹn tí ẹyọ àkọ́kọ́ di èédú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó funfun dénú tó sì ń ṣí léwé-léwé bí mo ṣe fi fọ́ọ̀kì kàn án, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọgọ́ta péré ni mo kà. Ẹni tó kọ ọgọ́sàn-án yẹn kò mọ iná mi.

Ti àwo gbígbóná, mo sá àwo sóòrùn. Adìẹ kan lọ dúró lé e. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un sá.

Mo pín ẹja náà sí àwo méjì, tiwa méjèèjì, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo gbé e tọ ìyá rẹ lọ lẹ́bàá fèrèsé. Ó bi mí pé ta ló sè é. Mo ní èmi ni. Ó ní irọ́ ni. Ó jẹ díẹ̀, ó tún jẹ díẹ̀, ó ní kò níyọ̀. Ọmọ mi, láti ìgbà tó ti dé, kò tíì rí àléébù kankan lára mi, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo sáré lọ mú iyọ̀. Kí n tó dé, ó ti na fọ́ọ̀kì sínú àwo tèmi. Búrẹ́dì lásán ni mo jẹ, ó sì dùn mọ́ mi.

Ó ní bí mo bá tún fẹ́ sè é, òun yóò wá jókòó nílé ìdáná kí n má ba nǹkan òun jẹ́. Ṣùgbọ́n sálúbàtà rẹ̀ ti já. Jọ̀ọ́, fi owó sálúbàtà tí kì í yọ̀ ránṣẹ́, àti ti ẹja. Fi rán èèyàn, má fi sínú fóònù, ó ti jábọ́ sómi rí, mi ò fẹ́ kí owó tutù. Mo fi pẹ́ńsùlù ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà yìí kí o lè mọ ìwọ̀n. Ẹsẹ̀ kan ni mo rí yà. Pẹ́ńsùlù kàn án ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, kò gbé ìkejì fún mi mọ́. Ìdí tí ìlà náà fi wọ́ nìyẹn.

Oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ. Ọwọ́ tó bọ́ wa kò ní ṣófo. Ìwọ náà yóò dàgbà débi tí ẹnì kan yóò fi se ẹja fún ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.