Ọ̀ṣìnúbí Ló Wá Yẹ Kànga Mi Wò

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ìrẹ̀wọ̀lé,
Ṣàngó-Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, ọdún 2025.

Akíndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Rose ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Jọ̀wọ́, má gun ọ̀kadà lọ sóko mọ́. Ọ̀nà Alápòtì yẹn kò dára fún egungun àgbà. Ní tiwa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ṣì ń lọ sókè sódò, Mọ̀nsúrát ìyàwó mi sì ní àròjù ló fà á. Bóyá òótọ́ ló sọ.

Nínú oṣù kejì, ẹgbẹ́ kan wá sí àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ àwa tí à ń gbé lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ níṣẹ́ ìtọ́jú àyíká. O mọ bí ibí ṣe rí: lónìí omi gọ́tà á pupa, lọ́la á dúdú bí aró. Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ni, lọ́fẹ̀ẹ́: bí wọ́n ṣe ń yẹ omi kànga wò, bí wọ́n ṣe ń ṣa ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá yege á ríṣẹ́. Ogún èèyàn péré ni wọ́n fẹ́ mú.

Mo ní ta ló tún kù bí kò ṣe èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, tí mo tọ́jú sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Mo wọ léèsì funfun, mo kó sàtífíkéètì mi sínú fáìlì. Ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ bi mí pé, "Bàbá, ta ló ń da ìdọ̀tí nù nílé yín?" Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó, ọwọ́ mi ò kan garawa ìdọ̀tí rí." Mo rò pé iyì ni mo ń fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Orúkọ mi ò jáde.

Ti Ọ̀ṣìnúbí ló jáde! Ọ̀ṣìnúbí ará ilé kejì, tó máa ń ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kiri, tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, tí èmi ń bá ka lẹ́tà. Wọ́n ní òun ló mọ ibi tí gọ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń ṣàn wá. Ní báyìí ó ń wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ẹnjiníà. Mọ̀nsúrát pàápàá! "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o." Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kò pè mí ní nǹkan kan ju Bàbá Fọlájìmí lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dé ẹnu géètì mi pẹ̀lú àpótí kékeré, ó ní òun wá bu omi kànga wa. Mo ní, "Kànga tí mo gbẹ́ kí o tó mọ ojúlé yìí? Sàtífíkéètì rẹ dà?" Ó ní, "Bàbá Fọlájìmí, omi ni mo wá yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ̀yin." Àwọn tó ń kọjá bú sẹ́rìn-ín. Mo ti géètì mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Nínú ilé márùn-ún tó yí wa ká, mẹ́ta ni wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí kànga wọn pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Mò ń gbóòórùn omi kí n tó mu ún. Ara sì ti ń yún Ruqoyah, ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti họ apá rẹ̀ bó. Mo ní ooru ni. Mọ̀nsúrát ní, "Ooru wo, nínú òjò yìí? Ẹ lọ pe Ẹnjiníà, tàbí kí n lọ pè é."

Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn tó ń yẹ kànga wò máa parí iṣẹ́ ládùúgbò wa. Ní Ọjọ́bọ̀, mo rọ omi kànga wa sínú ike kan, mo ní kí Mọ̀nsúrát gbé e fún Ọ̀ṣìnúbí bíi pé láti ilé ẹlòmíràn ni. Ó dá a padà. Ó ní ẹni tó ń yẹ omi wò ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, pé kí wọ́n sì sọ fún Bàbá pé òróró nìkan lòun máa rí nínú eléyìí. Àṣé ike òróró ni mo lò! Akíndé, ojú tì mí.

Mo ṣí géètì lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fa omi, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó kọ orúkọ mi sí i lára, kò ṣi lẹ́tà kan kọ. Ìyẹn náà bí mi nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló mú èsì wá. Omi iléeṣẹ́ ti wọnú kànga náà: kí a má mu ún, kí a má fi wẹ ọmọ. Mo ń retí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo apá Ruqoyah, ó ní ká gbé e lọ sọ́sibítù, ká sì máa wá fa omi nílé òun, torí kànga tòun mọ́. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí ohun tí mo lè torí rẹ̀ bínú sí i.

Ara ọmọ náà ti ń fúyẹ́. Bá mi kí Rose àti gbogbo ilé. Iléeṣẹ́ ti ń sún mọ́ ẹ̀yin náà, torí náà má mu omi kànga rẹ títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè ṣe é dáadáa. Mo ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Tí o bá pè é, má sọ fún un pé èmi ni mo yìn ín.

Tìrẹ ni mo jẹ́ títí,
Fàlílù Kàsúmù.